Ilé Tí À Ń Kọ́ àti Ọlọ́pàá Tí Ń Ṣọ́ Ọ: Ìṣirò Ọdọọdún Tí Ó Yẹ Kí Òkè-Ògùn Máa Gbọ́

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn lónìí, lórí títì oníkìlómítà 65 tí ó ti bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe, tí ó sì ti Ìsẹ́yìn, ọmọ Ebedi, ìlú aṣọ òfì, tẹ̀ síwájú gba Ìpàpó àti Òtu kọjá, títí ojú rẹ̀ fi tó òkè Asabàrí tí ó ṣíji bo Ṣakí ní Òkè-Ògùn, kò ní ṣàì rí i pé ilé ń jẹ oko lọ ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀nà. Níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo àti ọkà bàbà lábẹ́ igi emi àti igi igbá, búlọ́ọ̀kù ni ó kún ibẹ̀ báyìí: òmíràn ti gba páànù, òmíràn dúró ní ojú fèrèsé, òmíràn kò ju ìpìlẹ̀ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀ lọ. Inú ẹni a máa dùn sí i, nítorí ilé kíkọ́ sílé jẹ́ àmì pé ọmọ ìlú kò gbàgbé orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé mélòó ni àwọn ilé titun wọ̀nyí, mélòó nínú wọn ni ó gba àṣẹ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, àti pé bí olè bá wọ ọ̀kan nínú wọn ní ààjìn òru, tésàn wo ni yóò dáhùn, ibo ni a ó sì júwe fún ọlọ́pàá, ẹnu gbogbo wa a wọhò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè ti ilé àti ìbéèrè ti ọlọ́pàá, ọmọ ìyá ni wọ́n, ó sì yẹ kí ìlú máa gbọ́ ìdáhùn méjèèjì pọ̀ ní ọdọọdún, ní gbangba, ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Àwọn baba wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibẹ̀ wọ̀. Àdúgbò tí a kọ́ láìsí ẹni tí ó mọ iye ojúlé tí ó wà níbẹ̀, ògiri tí ó lanu ni. Àwọn ìlú mìíràn láyé ti sọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ di àṣà. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí àwọn aláṣẹ ìlú kéékèèké tẹ ìwé ìròyìn ọdún jáde kí ìpàdé gbogbogbòò ìlú tó wáyé, inú ìwé kan náà sì ni olùbẹ̀wò ilé ti máa ń sọ iye ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí ó fi sílẹ̀ àti iye owó tí ó gbà lé e, tí ọ̀gá ọlọ́pàá náà a sì sọ iye ìpè tí wọ́n gbà, iye ènìyàn tí wọ́n mú, àti ohun tí ó ṣe aláìtó lọ́wọ́ wọn. Ní ilẹ̀ England, òfin ọdún 1990 sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti ní ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí ó tọrọ àṣẹ ìkọ́lé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin 2011 sì béèrè ìròyìn ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn kọmíṣánnà tí aráàlú dìbò yàn lórí ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé kò jẹ́ gbé ọkọ́ kí ó tó dé iwájú mọ́gàjí agbo ilé rẹ̀, tàbí iwájú baálẹ̀ bí ó bá jẹ́ àlejò. A ó wọn ilẹ̀ fún un, a ó fi ààlà hàn án, a ó sì sọ ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá fún un, tí kò gbọdọ̀ dí. Bí amọ̀ bá ti rọ̀ tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a jáde wá bá a mọ ọ́n, bẹẹrẹ ni wọn yóò sì fi bò ó. Agbo ilé a máa ní ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo tí tọmọdé tàgbà ń gbà wọlé gbà jáde, baálé a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò sí àjèjì tí yóò kọjá kí ó má rí i. Ẹni tí ó fúnni ní ilẹ̀ ni ó mọ ẹni tí ń gbé orí rẹ̀, òun kan náà sì ni àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru máa ń wá bá bí wọ́n bá pàdé ojú tí wọn kò mọ̀ rí. Oríkì pàápàá jẹ́ ìjúwe ilé nígbà náà, nítorí bí a bá ti ki ènìyàn dé ìdílé baba rẹ̀, kò tún sí ẹni tí yóò béèrè agbo ilé tí ó ti wá. Àṣẹ ilé àti ìṣọ́ ìlú kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín àṣẹ náà níyà, Òkè-Ògùn sì san owó ìyapa náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde ọ̀tẹ̀. Nínú ohun tí ó bí wọn nínú ni kóòtù ìbílẹ̀ titun tí a gbé lé wọn lórí àti ìwà àwọn akódà rẹ̀, tí aráàlú kà sí ẹni tí ń fìtínà wọn ju ẹni tí ń ṣọ́ wọn lọ. Ẹ̀mí ṣòfò, Ọnjọ̀, ọba Òkèhò, wà nínú àwọn tí wọ́n pa, ìjọba sì fi sójà tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, 1917, wọ́n kó àwọn ará Òkèhò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ìlú náà wà títí di òní, nítorí ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ títẹ́jú rọrùn fún ìjọba láti ṣàkóso ju èyí tí ó fi òkúta ṣe odi lọ. Ìlú odindi kan yí ibùgbé padà, ilé titun àti ìṣọ́ titun jọ dé ní ọdún kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ti àwọn onílé láti bi wọ́n bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Mo gbà pé ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà ní ìhà ọ̀hún máa wo ẹni tí ó bá mú téèpù ìwọnlẹ̀ tàbí ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba pẹ̀lú ìfura kò jìnnà sí ìtàn yìí.

Òfin lórí ètò ìlú pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Èkó ti ní àjọ tirẹ̀ láti 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó pa ènìyàn nínú àwọn ilé tí ó fún mọ́ra jù níbẹ̀. Òfin tí ó kárí ilẹ̀ Nàìjíríà dé ní 1946. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fi ti ìgbèríko sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kejìdínláàádọ́rùn-ún ti 1992 sì là á kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ. Ní 2003 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ parí àríyànjiyàn tí ó wà láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ó dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ ètò ìlú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé ní Ṣakí tàbí ní Kìṣí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn tí aráàlú ń pè ní Town Planning, ni yóò lọ bá.

Ẹ jẹ́ kí a tú fáìlì kan wò. Ìwé sọ́fè ni ó máa ń ṣíwájú, pẹ̀lú òǹtẹ̀ sọ́féyọ̀ àti nọ́ńbà àwọn òpó tí ó rì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀. Pùláànù ilé ni ó tẹ̀ lé e, tí ó fi yàrá, ṣalanga àti kànga hàn. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí ó fi hàn pé ẹni náà ni ó ni ilẹ̀, àti ìwé owó-orí. Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó sọ bí irin àti òpó yóò ti rí. Òṣìṣẹ́ ètò-ìlú a wá gbé téèpù lọ sí orí ilẹ̀. Ó ń wò ó bóyá ilé náà jìnnà tó sí ojú títì, bóyá kò sí lábẹ́ wáyà iná ńlá tàbí ní ipa odò, bóyá kànga kò súnmọ́ ihò ìdọ̀tí. Ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà tí ó ní kí a fi sílẹ̀ níwájú ilé, tí ó máa ń dun onílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gé e jẹ, ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọlé lọ́jọ́ tí iná bá sọ, òun náà ni ọkọ̀ ọlọ́pàá yóò gbà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ̀nà, òǹtẹ̀ bọ́ sórí ìwé, ó sì di dandan kí wọ́n tún padà wá nígbà tí ìpìlẹ̀ bá délẹ̀ àti nígbà tí òrùlé bá fẹ́ gorí rẹ̀. Lábẹ́ òfin 1992, ọdún méjì ni ìwé àṣẹ náà ń lò. Ilé tí kò gbà á ni a máa ń rí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, tí ọ̀dà náà a sì wà níbẹ̀ títí sìmẹ́ńtì yóò fi bò ó.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò alájà púpọ̀ kan wó ní Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ ní Èkó, ènìyàn 116 sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa àwọn tí ó lé ní 40. Ẹlòmíràn lè wí pé ilé ilẹ̀ ni ó pọ̀ ní Òkè-Ògùn, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá, nítorí ṣọ́ọ̀bù alájà méjì ti ń dìde ní àárín ọjà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ọ̀pọ̀ onílé ni ó sì ń fi ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí owó bá dé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù lọ ni ti Bódìjà. Láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Bódìjà ní Ìbàdàn ti jẹ́ àwòkọ́ṣe ibùgbé tí a fi ètò kọ́: òpópónà rẹ̀ lọ geere, ilé rẹ̀ ní àyè láàárín ara wọn, ìwé wà lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìbúgbàmù kan mi ìlú Ìbàdàn tìtì láti àdúgbò náà. Ẹ̀mí lọ, ọ̀pọ̀ fara pa, ilé púpọ̀ sì di àlàpà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún aráàlú pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sí inú ilé kan ni ó fa á. Ó jọ pé àwọn tí ó fọwọ́ sí pùláànù ilé gbígbé kò mọ̀ pé ó ti di àká ohun abúgbàmù, àwọn tí ń ṣọ́ àdúgbò kò sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òkè-Ògùn ni ilẹ̀ ìwakùsà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: òkúta mábù ń bẹ ní Ìgbẹ́tì, àwọn olùwá lítíọ́ọ̀mù sì ti ya bo Kòmú. Àwọn àlejò tí iṣẹ́ yìí ń kó wá ń yá ilé gbé ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọlúàbí tí ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ó mọ ohun tí ilé wà fún àti tésàn tí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá mì tán.

Ní ti ọlọ́pàá, àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ yóò rántí ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn ní kí àwọn sójà tó gba ìjọba ní 1966. Olóṣèlú lò wọ́n ní ìlò ìkà ní ibi púpọ̀, n kò sì ní sunkún pé a tú wọn ká. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ ọ̀nà oko. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 214, sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà yóò ní, nítorí náà dípíò, ọ̀gá tésàn, tí ó wà ní Ṣakí lè jẹ́ ẹni tí a gbé láti ìlú tí ó jìnnà réré wá, tí a ó sì tún gbé lọ kí ó tó mọ orúkọ àdúgbò tán. Àìtó yìí ni ó bí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn ọmọ ìlú ni ó sì wọ aṣọ náà.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ti ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí mo ń béèrè. Ó ní kí ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá wà kí ọdún ìṣúná kọ̀ọ̀kan tó parí, kí ó sì jẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tésàn lọ sókè ni èrò inú rẹ̀ yóò ti wá. Ó ní kí ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti aráàlú wà. Ó sì ní kí májísíréètì máa lọ wo àwọn tésàn ní oṣooṣù láti mọ ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé àti ìdí rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí a ń ṣọ́ mọ ohun tí wọ́n kọ.

Lórí káńtà tésàn kọ̀ọ̀kan ni ìwé ńlá kan wà, tí etí rẹ̀ ti rún, tí wọ́n fi rúlà fàlà sí nínú, tí ọlọ́pàá tí ń lọ sílé yóò fọwọ́ sí fún èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun gbogbo wà níbẹ̀: aago tí obìnrin kan wá sọ pé wọ́n jí ẹ̀rọ omi òun, aago tí wọ́n kó àwọn tí ó jà ní gáréèjì dé, aago tí wọ́n gba béèlì wọn, béèlì tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ òfin. Bí o bá wo ibi tí wọ́n kọ ibùgbé olùfisùn sí, ibẹ̀ ni ìwé náà ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn mọ́sálásí titun, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ilé aláwọ̀ ewé, ní ọ̀nà oko. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí a lè fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí. Ìwé òfin kan náà tí ó fi ọlọ́pàá sí abẹ́ Àbújá ni ó fi sísọ òpópónà lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ tí káńsù lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìwé àṣẹ ìkọ́lé bá ti jáde, kí nọ́ńbà ojúlé jáde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sí tésàn àti sọ́dọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn. Ọlọ́pàá tí a gbé wá láti òkèèrè yóò wá dé ibi tí wọ́n pè é kí olè tó lọ.

Ìṣirò ọdọọdún tí mo ń sọ kò le. Kí ọ́fíìsì ètò-ìlú sọ iye pùláànù tí wọ́n gbé wá, iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n kọ̀ àti ìdí rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni ìwé ń pẹ́ lórí tábìlì, èló ni owó tí wọ́n gbà, àdúgbò wo ni ó sì ń dàgbà jù. Kí tésàn sọ iye ẹ̀sùn tí ó dé káńtà, iye tí ó dé kóòtù, iye ọkọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́, àti àdúgbò tí wọ́n ti pe ọlọ́pàá tí kò lè dé. Kí a tẹ́ méjèèjì síwájú ìlú ní gbọ̀ngàn káńsù, kí wọ́n kà á ní Yorùbá, kí àwọn ìyálọ́jà, àwọn ahunṣọ, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn olórí Bororo tí ń da ẹran ní ẹ̀yìn ìlú sì wà níbẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, 2006 ni. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí a kà dáadáa lè jẹ́ ohun tí ó súnmọ́ òtítọ́ jù lọ nípa bí Ìsẹ́yìn ti tóbi tó.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń wí lòdì sí i. Onílé ń bẹ̀rù pé bí a bá ka ilé òun, owó-orí ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù náà tọ́, nítorí òfin gba káńsù láyè láti gba owó ilé. Ṣùgbọ́n owó tí a gbà tí a kò sọ iye rẹ̀ fún ìlú ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, gbígbọ́ ìṣirò ni yóò sì jẹ́ kí onílé lè béèrè gọ́tà àti iná òpópónà tí owó rẹ̀ yẹ kí ó ṣe. Ọlọ́pàá ní tirẹ̀ a máa wí pé àṣírí iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n sọ ibi tí wọn yóò lúgọ sí lọ́la. Iye ẹ̀sùn tí ó kọjá lọ́dún tí ó kọjá kì í ṣe àṣírí fún olè, òun ni ó jalè náà.

Bí wọ́n kò bá sọ ọ́ fúnra wọn, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, ó sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti de ìjọba àpapọ̀. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kan ní Ṣakí, tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ní Ìbàdàn tàbí ní London, lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ètò-ìlú, kí èkejì lọ sọ́dọ̀ alága káńsù, kí ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ dípíò. Oṣù kẹsàn-án ni ó dára jù láti kọ ọ́, kí ìdáhùn rẹ̀ lè dé kí wọ́n tó jókòó sí ìṣúná ọdún tí ń bọ̀.